Bàtà Tó Kù Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Lọ́jọ́ Kérésì

Bí ẹ bá pàdé Ìyá Wonder ní Bàrígà, ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbójú sókè kí yín. "Ẹ káàárọ̀ o. Bàtà yìí ti ń jẹ lápá kan, ẹ tètè bá a wá aránbàtà." Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wòlíì ló ṣe ń sọ ọ́ fún awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ní ojú lè purọ́, ẹsẹ̀ kì í purọ́. Kì í sábà rántí orúkọ ènìyàn, bàtà wọn ló fi ń dá wọn mọ̀: Ìyá Gìgísẹ̀, Bàbá Kánfáàsì, Sísí Oníwúrà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń pe èmi tí mi ò bá sí nílé. Ó ní, "Ìyá Sálúbàtà-Já." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sabina Ikúmápàyí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ará Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó, ẹja ló ń yan tó ń tà. Yàrá rẹ̀ àti tèmi kọjú síra nínú ilé kan náà. Èmi Serifat, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fareedah, ọmọ Ìsẹ́yìn, télọ̀ ni mí. Mùsùlùmí ni mí, síbẹ̀ èmi ni mò ń rán sùtánà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣọ funfun tó wà létí omi wa. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kò lòdì sí ẹ̀sìn mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé abẹ́rẹ́ mi kì í kírun, èmi ni mò ń kírun.

Ẹsẹ̀ tí Ìyá Wonder ń wò káàkiri kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé ẹsẹ̀ tirẹ̀. Sílípáàsì méjì tí kò jọra ló máa ń wọ̀. Ti òsì jẹ́ tirẹ̀, pupa, kékeré. Ti ọ̀tún jẹ́ ti ọkùnrin, aláwọ̀ ewé, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń gbá ilẹ̀ pá, pá, pá tó bá ń bọ̀. Okùn rẹ̀ ti já rí, wọ́n sì ti fi okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù so ó padà. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé náà, títí mo fi gbọ́ ìdí rẹ̀, tí ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Wonder ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ní àsìkò òjò ọdún kan, Wonder àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lazarus gbé ọkọ̀ wọ ọ̀sà lọ dẹ àwọ̀n. Ọmọ òrukàn ni Lazarus, bàbá Wonder tó ti di olóògbé ló kọ́ òun àti ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́ ẹja pa pọ̀. Ìjì jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí ọkọ̀ wọn níbi tó dojú dé sí nítòsí afárá gígùn. Wọn ò rí Wonder, wọn ò rí Lazarus. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún Wonder nìkan ló há sí imú ọkọ̀.

Nínú ẹbí tiwọn, ẹni tí omi bá gbé tí wọn ò rí òkú rẹ̀, wọ́n á wá ohun tó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sin ín dípò rẹ̀. Raphael, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí wọ́n sin sílípáàsì náà kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Ìyá Wonder ní, "Mi ò sin bàtà. Ẹ lọ gbé ọmọ mi wá kí n sin ín." Láti ọjọ́ náà ló ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ sílípáàsì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbé lọ sin lẹ́yìn òun. Tó bá fẹ́ sùn, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi sí.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti gbà pé ẹni tó pa òwe yẹn kò bímọ rí. Ọmọ tó nù lè ti ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́la, kí ó ní ebi ń pa òun. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn, bí Ìyá Wonder náà sì ṣe ń rò ó nìyẹn, tó fi jẹ́ pé kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tọ̀sán tòru.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Raphael ránṣẹ́ láti ìlú omi wọn pé sùúrù òun ti tán. Ó ní ní ọjọ́ kẹta Kérésì, nígbà tí gbogbo ẹbí bá wà nílé, àwọn máa wá sí Bàrígà wá ṣe ìsìnkú náà, bó fẹ́, bó kọ̀. Ìyá Wonder gbọ́. Ó kàn rọra fa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ àpótí tó jókòó lé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí sùtánà bá ti wọ ọrùn, bàtà kò gbọdọ̀ wọ ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń gbé sùtánà sínú báàgì, wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lọ pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́. Ìyá Wonder, tí kì í wọ sùtánà mọ́ kí ó má baà bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ló ń ṣọ́ àwọn bàtà náà. Ó máa ń tò wọ́n ní méjì méjì, á kọ imú wọn síta, síhà ọ̀nà ilé. Ó ní ẹni tó bọ́ bàtà ní láti rí i pé wọ́n ń retí òun láti padà. Tí ìsìn bá parí, kò sí ẹni tó ń mú bàtà fúnra rẹ̀. Òun ló ń mú un lé ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kò sì ṣì í rí.

Lọ́jọ́ Kérésì náà, mo gbé sùtánà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ fún oníbàárà mi níbẹ̀, mo wá jókòó ti Ìyá Wonder. Ó pẹ́ kó tó dé láàárọ̀ yẹn nítorí ẹja Kérésì tí àwọn ènìyàn ń dúró gbà, àwọn bàtà kan sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó jókòó. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Ìsìn parí, ó pín bàtà, ó ń bá bàtà wí, ó ń bá oníbàtà wí. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, sálúbàtà ọkùnrin kan ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ méjèèjì, dúdú, aláwọ.

Mo ní, "Ẹnì kan gbàgbé bàtà."

Ó gbé ọ̀kan, ó yí i padà. Táyà mọ́tò ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ti ya, wọ́n ti fi okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù rán an. Ó wo kókó okùn náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé òun àti sálúbàtà náà sórí itan.

"Ìyá Fareedah, ẹ bá mi wò ó. Àbí ojú mi ló ń tàn mí jẹ? Kókó kan náà ni."

Kókó kan náà ni lóòótọ́. Wọ́n yí okùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fà á gba abẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fi iná jó orí rẹ̀ kó má baà tú. Ó ní kókó tí ọkọ òun máa ń ta sídìí àwọ̀n nìyẹn, pé kò sí apẹja mìíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀ ní etí omi wa.

"Ọma mi ni," ó ní. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ lédè tiwọn nìyẹn. "Ọma mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀rù bà mí. Kí n má purọ́, inú bí mi sí bàtà náà, bíi pé ó ní ẹnu tó fi lè sọ ẹni tó ni ín, tó sì dákẹ́. Mo ní, "Ìyá Wonder, ẹ rọra. Tó bá jẹ́ Wonder ni, kí ló dé tó fi lọ láìmú bàtà rẹ̀?"

Ó rò ó. Ó ní, "Kò gbàgbé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó kọjú sómi ló gbà jáde. Ẹni tó wọ sùtánà lè rìn láìwọ bàtà dé Palmgrove, ta ló máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Tó bá gba iwájú, ọwọ́ mi ló ti máa gba bàtà. Ẹni yìí ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi." Ó tún fọwọ́ ra kókó okùn náà. "Ojú ló ń tì í. Kí ló wá ń ti ọmọ lójú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀?"

Ó wọ sílípáàsì rẹ̀ padà, ó ká sálúbàtà náà sínú gèlè, ó dìde. Mo ní kó jẹ́ kí a jẹun Kérésì ná. Ó ti kọjá gọ́tà.

Ọ̀dọ̀ Ràmọ́nù aránbàtà ní Abúlé Òkúta la gbà lọ. Mùsùlùmí ni Ràmọ́nù, ará Ọ̀yọ́ bíi tèmi, kì í sinmi lọ́jọ́ Kérésì nítorí ọjọ́ náà ni bàtà tuntun máa ń já jù. Ó yẹ sálúbàtà náà wò.

"Iṣẹ́ mi ni ìdí táyà yìí, mà. Okùn búlúù yìí kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín ló mú un wá nínú àpò, òun fúnra rẹ̀ ló rán an níwájú mi níbí."

Ìyá Wonder ní, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń ti ọmọlanke bébà fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Mo bi í pé ṣé apẹja ni, nítorí okùn yẹn. Ó ní òun kì í wọ omi mọ́."

"Wonder ga," Ìyá Wonder sọ fún mi bí a ṣe ń padà. "Wonder dúdú." Mo fẹ́ bi í pé ta ni kò ga, ta ni kò dúdú ní Bàrígà, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò tíì rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí wọra nítorí mo mọ̀ pé tí bàtà yìí bá tàn án jẹ, kò ní dìde mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ tó fi ń lọ síbi ìkómọ. Ó ti ṣa òbòkún tó tóbi jù nínú ẹja yíyan rẹ̀, ó fi bébà dì í. Ó ní òbòkún ni Wonder fẹ́ràn, pé ọmọ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ẹja ilé ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú kì í mọ̀ pé ọdún ń lọ lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun kò tíì tán lọ́wọ́ wọn, gbogbo ẹ̀rọ ló ń ké, òórùn yíǹkì sì gba gbogbo àdúgbò. A bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù kan, a bèèrè ní èkejì. Ní ìkẹta, ọ̀gá ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Godspower gbórí sókè, ó ní, "Mama, who una dey find?" Mo ní ẹni tó ń ti ọmọlanke ni, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí òpin òpópónà. Ọkùnrin kan ń bọ̀ níbẹ̀, ó tẹrí ba sẹ́yìn ẹrù bébà tó ga jù ú lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí lábẹ́ ọmọlanke.

Ìyá Wonder wo ẹsẹ̀ náà bó ṣe ń bọ̀. Kò gbójú sókè. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe rọ̀ wálẹ̀, tí òbòkún sì yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wo ni kò mọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀? Kí ọmọlanke tó dúró, ó ti mọ̀.

"Lazarus," ó ní.

Ọkùnrin náà yọjú. Nígbà tó rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, kò lè dìde. Godspower pa ẹ̀rọ.

"Wonder dà?" Ìyá Wonder bi í. Ohùn rẹ̀ rọra.

"Màmá, ìbéèrè yẹn ni mo ti ń sá fún." Ó ń sunkún lórí ilẹ̀. "Àwọ̀n ló mú mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Wonder ti bọ́, ó ti gbá ìdí ọkọ̀ mú. Ó tún padà wá sísàlẹ̀ wá tú mi. Ó tú mi, Màmá. Nígbà tí mo léfòó, mi ò rí i mọ́. Mo padà wá a. Nígbà tí mo máa fi rí i, àwọ̀n náà ti mú òun."

Omi gbé Lazarus àti òkú Wonder lọ sí òdìkejì ọ̀sà, sí abúlé apẹja kan. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní àṣà àwọn ni pé ẹni tí omi bá pa, wọn kì í gbé e lọ sílé, etí omi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ń sin ín sí. Wọ́n sin Wonder lábẹ́ igi àgbọn. Lazarus dé Bàrígà lẹ́yìn náà, ó dé orí òpópónà wa, ó rí Ìyá Wonder lókèèrè, ó sì yí padà. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní Ṣómólú, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wa.

"Báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú yín kí n ní èmi ló kù?" ó ní. "Mo wá gbọ́ pé bàbá wa Raphael ń bọ̀ wá sin bàtà. Mo ní kí n wá sọ pé Wonder ti ní sàréè. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn Kérésì. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín, ọkàn mi já."

Ìyá Wonder kò ké. Ó jókòó sórí ìdì bébà kan.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí lẹ fi bò ó?"

"Ìyá àgbà kan níbẹ̀ ló fún wa láṣọ funfun. Bàtà rẹ̀ kan léfòó tẹ̀ lé wa dé èbúté, ti ẹsẹ̀ òsì, aláwọ̀ ewé. Mo gbé e tì í lẹ́sẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó sunkún fún gbogbo ọdún tí kò ti sunkún, èmi náà sì sunkún, mi ò mọ ìgbà tí Godspower gbé omi wá fún wa. Inú mi bàjẹ́ sí ìrètí tí mo ti bá a gbé kiri láti àná. Nígbà tó dákẹ́, ó tú gèlè, ó mú sálúbàtà náà jáde, ó to méjèèjì síwájú Lazarus, imú síta.

"Dìde, wọ bàtà rẹ. O máa mú mi lọ síbẹ̀." Ó wo ẹja ọwọ́ rẹ̀, ó na òun náà sí i. "Gbà. Ìwọ náà fẹ́ràn òbòkún."

Ní ọjọ́ kẹta Kérésì, Raphael àti àwọn ẹbí dé pẹ̀lú pósí kékeré tí wọ́n kàn fún bàtà. Nígbà tó rí Lazarus, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ìyá Wonder bọ́ sáàárín wọn. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Òun ló wẹ ọmọ mi." Raphael sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n fi pósí náà sílẹ̀ nílé.

Lazarus tí kì í wọ omi mọ́ ló mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ọmọ Ìsẹ́yìn, omi tí mo mọ̀ kò ju inú garawa lọ, mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Àwọn ará abúlé náà mú wa dé ìdí igi àgbọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti wọ sùtánà kún ọkọ̀ kejì, wọ́n sì kọrin lórí iyanrìn láìwọ bàtà.

Ìyá Wonder kúnlẹ̀. Ó bọ́ sílípáàsì aláwọ̀ ewé náà, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún mọ́, ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ níbi tí Lazarus fi hàn án pé ẹsẹ̀ Wonder wà. Nígbà tó fẹ́ gbé e sí i, ó dúró. Ó wo ọ̀sà, ó ń wá ibi tí Bàrígà wà lódìkejì. Ó wá yí imú sílípáàsì náà padà síhà ibẹ̀, ó fi iyanrìn bò ó.

Mo fún un lápá láti dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣófo nínú iyanrìn, ó ní, "Serifat, ó ti pé méjì." Lálẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.